Ilé Ìwòsàn Àyálò

Kò sí ohun tí àwọn ará Ebúté Àgbọn mọ̀ ọ́n ṣe tó àlejò gbígbà. Kí ẹ sáà ti wí pé ẹ ń bọ̀, wọn á gbá ojú ọ̀nà, wọn á fọ ògiri, wọn á so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ẹni tí kò kí aládùúgbò rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta á lọ tọrọ àga lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà káńsù dé pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń bọ̀ wá wo ilé ìwòsàn abúlé náà, tí wọ́n á sì bá ará ìlú sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni wọ́n ń wá wò. Ohun tí gbogbo wọn ń béèrè ni pé kí ni àwọn máa rí fi hàn.

Ọwọ́ Sèlíátù ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn náà wà. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń gbá a, tó ń nu fèrèsé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Yàrá mẹ́ta ni. Méjì ṣófo, ẹ̀kẹta sì di ilé ewúrẹ́. Kí Ọlọ́run forí jì í, òun gan-an ló ṣíwájú àwọn obìnrin tó tún un ṣe. Fíríìjì wá láti ilé Màmá Dámiláre ní ẹ́síteètì tó wà lẹ́bàá títì, níbi tí gbogbo wọn ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀dì méjì wá láti yàrá àlejò Alhaji Zikrullah. Aṣọ fèrèsé wá láti inú ẹrù ìyàwó Baseerah, aya ọmọ Sèlíátù. Àwọn ọ̀dọ́ kun ògiri ní ọ̀dà funfun dé ibi tí ọwọ́ wọn ká, wọ́n sì fi òkè tó kù sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Alhaji Zikrullah ni alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé, òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Sèlíátù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ nínú ẹbí. Òun ló wo ilé náà yíká ní ọjọ́ Ọjọ́rú tó ní, "Ó kù díẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kò ní nọ́ọ̀sì, ṣé ilé ìwòsàn nìyẹn?" Ó ránṣẹ́ pe Ìtẹ́olúwa, ọmọbìnrin kan tó ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ta oògùn ní kẹ́mísì. Ó wá aṣọ funfun fún un. Ó ní kó sáà dúró ti fíríìjì, kó máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ má yára bú Alhaji. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, olóṣèlú kan ya abúlé náà láìsọ tẹ́lẹ̀, ó bá ewúrẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, fọ́tò náà ti dé orí fóònù gbogbo ayé, láti Ìjẹ̀dẹ́ títí dé Agbówà. Títí di òní, bí ọmọ Ebúté Àgbọn bá dé ọjà, wọ́n á máa ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" tẹ̀lé e. Alhaji, tí baba ńlá rẹ̀ tẹ̀lé ọba kúrò l'Ékòó wá sí Ẹ̀pẹ́ tí kò sì tọrọ jẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbé ìtìjú yẹn sùn, ó gbé e jí. Ó ti búra pé káńsù kò tún ní fi abúlé òun ṣẹ̀sín.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọkọ̀ káńsù dé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Obìnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀, Dókítà Morádéyọ̀, ó tínrín, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó sì di ìwé mú láyà. Kò fẹ́ jókòó, kò fẹ́ mu ohunkóhun. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú òun lọ wo ilé ìwòsàn.

Sèlíátù ṣílẹ̀kùn, ó tẹ̀lé wọn wọlé. Dókítà ń wo nǹkan, ó ń sàmì sí fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀dì?"

"Méjì nìyẹn," ni Alhaji wí.

"Fíríìjì tí ẹ ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí?"

"Òun ló ń dún yẹn." Lóòótọ́ ló ń dún. Jẹnẹrétọ̀ Alhaji ló wà lẹ́yìnkùlé tó ń gbé e.

"Nọ́ọ̀sì?"

Alhaji na ọwọ́ sí Ìtẹ́olúwa bí ẹni tó ń fi ìyàwó tuntun han àna. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Dókítà sàmì sí i. Sèlíátù rí bírò náà bó ṣe ń lọ láti òkè fọ́ọ̀mù dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ "ó wà, ó wà, ó wà." Inú rẹ̀ dùn nígbà náà. Òótọ́ ni, inú rẹ̀ dùn, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ àwọn kò já sásán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Dókítà wí. "Èyí dáa ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ́sẹ̀ yìí lọ. Ó ku ohun kan. Láàárín ọdún mẹ́ta sí àkókò yìí, ọmọ tuntun mélòó ló kú nígbà ìbí lábúlé yìí?"

"Kò sí o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Kíá ni Alhaji dáhùn. Sèlíátù wolẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n bọ́ sábẹ́ kánópì tí wọ́n ta síta fún àlejò. Àwọn obìnrin kọrin, àwọn àgbà dúpẹ́, àwọn ọ̀dọ́ náà dúpẹ́ pé àwọn àgbà dúpẹ́. Ìgbà tí Dókítà gba máìkì ni ọ̀rọ̀ tó já.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa wá. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo ni káńsù rí gbà fún agbègbè yìí lọ́dún yìí. Yóò máa gbé ní abúlé tí a bá gbé e sí, tọ̀sán-tòru. Iná oòrùn wà pẹ̀lú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé aláìsàn náà wà pẹ̀lú rẹ̀. Abúlé mẹ́ta là ń wò, ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn. Ibi tí àìní bá ti pọ̀ jù la ó gbé e lọ. Ẹ̀yin, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹ ti rọ́wọ́ mú. Bí alága bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí, a ó mú agbẹ̀bí náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò ní."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àní wọ́n pàtẹ́wọ́! Wọ́n gbọ́ "ẹ ti rọ́wọ́ mú," wọ́n rò pé oríyìn ni. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú. 

Sèlíátù wo iwájú níbi tí Baseerah jókòó sí, oyún oṣù mẹ́jọ lé díẹ̀ lára rẹ̀. Sálúbàtà Sàlísù ọkọ rẹ̀, tó wà níbi iṣẹ́ l'Ékòó lọ́jọ́ náà, ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí pé kò sí bàtà obìnrin tó gba ẹsẹ̀ náà mọ́, ó ti wú. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni orí ti ń fọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó ní ojú òun ń ṣú díẹ̀díẹ̀, Sèlíátù sì ní oorun ni.

Oyún kejì nìyí. Ní ti àkọ́kọ́, lásìkò òjò ọdún tó kọjá, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wà tí wọ́n ń sáré lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ọmọ náà dé. Ọkùnrin ni. Kò ké. Sèlíátù fúnra rẹ̀ ló fi ìborùn rẹ̀ wé e. Nígbà tí wọ́n padà délé, àwọn àgbà obìnrin wá, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," wọ́n fọwọ́ pa Baseerah lórí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹ̀ mọ́. Bí Baseerah bá fẹ́ sọ ọ́, wọ́n á ní kó má fi ọwọ́ fa ibi, òmíràn ń bọ̀.

Òmíràn náà rèé. Bí agbẹ̀bí yìí bá lọ síbòmíràn, ọkọ̀ ojú omi kan náà ni wọn yóò tún wọ̀.

Sèlíátù dìde, ó gba ẹ̀yìn àwọn àga yọ sí ẹ̀yìn Alhaji, ó kúnlẹ̀. Ó rọ ohùn sílẹ̀.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé a yá a ni. Pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé agbẹ̀bí lọ."

Alhaji kò yíjú. Ó ń rẹ́rìn-ín sí iwájú bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. "Ìyá Sàlísù, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún fi wá ṣẹ̀sín ni? Bí a bá sọ pé a purọ́ fún ìjọba, ṣé agbẹ̀bí ni wọ́n máa fún wa, àbí ọlọ́pàá?"

"Ẹ wo ẹsẹ̀ Baseerah, Alhaji."

"Mo ti rí i. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. A ó wá ọgbọ́n mìíràn dá tó bá yá. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ikú ta ni, Alhaji?"

Ìgbà yẹn ló tó yíjú wò ó. Ó tún yíjú padà síwájú, ó sì na ọwọ́ fún bírò.

Ṣùgbọ́n Dókítà kò tíì fún un. "Kí ẹ tó fọwọ́ sí i," ó ní, "ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yín bá wa yẹ aboyún kan wò, kí gbogbo wa rí bó ṣe yẹ kó máa rí. Ìwọ, arẹwà, máa bọ̀ níbí." Baseerah ló ń pè.

Baseerah fọwọ́ ti itan, ó dìde, ó wá jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru jáde nínú ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún, tí wọ́n sì ń fi nǹkan há etí gbọ́. Ìtẹ́olúwa gbà á. Ó so ó mọ́ apá Baseerah. Ó fún un, ó fún un, ó há a sétí, ó tẹjú mọ́ ọn. Òógùn yọ ní imú rẹ̀. Dókítà ń fi máìkì ṣàlàyé fún àwọn èèyàn ìdí tó fi yẹ kí aboyún máa lọ fún àyẹ̀wò lóṣooṣù.

"Nọ́ọ̀sì, èló ló jẹ́?"

"Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin," ni Ìtẹ́olúwa wí.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ó dára gan-an ni. Ara aboyún yìí le koko." Dókítà tẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀.

"Irọ́ ni!"

Sèlíátù kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu òun. Ó ti wà lórí ìdúró, gèlè rẹ̀ ti tú, ó ń rìn bọ̀ láàárín àwọn àga.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Dókítà, ẹ dárí jì wá. Ọmọ yìí kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Oògùn ló ń tà."

"Ìyá Sàlísù, jókòó!" Ohùn Alhaji ni.

"Fíríìjì yẹn, àwọn ará ẹ́síteètì ló ni í, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀dì yẹn, ilé Alhaji ló ti wá. Èmi ni mo gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ kúrò nílẹ̀ tí ẹ tẹ̀ lónìí. A ò ní nǹkan kan!"

"Mo ní kó o jókòó! Ṣé ìwọ lo fẹ́ ba ilé ọkọ rẹ jẹ́?"

Obìnrin kan fà á láṣọ lẹ́yìn. Ó já aṣọ gbà. Ẹ̀rù ń bà á, torí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, kò gbó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lẹ́nu rí. "Alhaji, ẹ bá mi wí nílé. Ẹ bù mí lẹ́rù, màá rù ú. Ṣùgbọ́n ìyàwó ọmọ mi yìí ń ṣàìsàn, Dókítà. Orí ń fọ́ ọ. Ó ní ojú òun ń ṣú. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́."

Dókítà kọjú sí Ìtẹ́olúwa. Kò tíì bi í ní nǹkan kan tí ọmọ náà fi bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀. Èyí tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kẹ́mísì wa ni mo kà."

Dókítà gba ẹ̀rọ náà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó tú u, ó tún un so, ó tún wò ó. Sèlíátù kò wo ẹ̀rọ, ojú obìnrin náà ló ń wò, ó sì rí bí ẹ̀rín ṣe kúrò níbẹ̀.

"Ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà," ni Dókítà wí, kò lo máìkì mọ́. "Dúró, má dìde. Dẹ́rẹ́bà! Gbé ọkọ̀ súnmọ́ ibí!" Ó kọjú sí Sèlíátù. "Màmá, ó ti ń lọ sí gìrì. Bí ẹ bá mú un lọ sílé lónìí, ẹ lè má bá a láàyè láàárọ̀. Ọsibítù là ń lọ báyìí. Bí a bá tètè dé ọ̀hún, ìyá àti ọmọ ṣì ní ààyè."

Ọ̀rọ̀ wá di kíá kíá. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé Baseerah pẹ̀lú àga. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, Dókítà ní kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́. Baseerah kò sọkún. Ó di ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú, ó le bí irin.

Ibi tí dẹ́rẹ́bà ti ń kó ẹrù wọn padà sínú ọkọ̀ ni Dókítà ti yọ fọ́ọ̀mù náà jáde. Ó gbé e lé orí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀, ó ń fagi lé àwọn àmì rẹ̀, fáà, fáà, bí ẹni tó ń gé nǹkan. Inú ń bí i, kò sì bò ó. Bẹ́ẹ̀dì, ó fagi lé e. Fíríìjì, ó fagi lé e. Nọ́ọ̀sì, ó fagi lé e títí ìwé fi ya díẹ̀. Ó wá dúró níbi tó kẹ́yìn.

"'Ọmọ tuntun tó kú: kò sí.'" Ó gbójú sókè wo gbogbo wọn tó rọ̀gbà yí ọkọ̀ ká. "Èyí ńkọ́? Ṣé òun náà, ẹ yá a ni?"

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ààyè ọmọ gan-an, wọn kì í kà á lójú ọlọ́mọ, áńbọ̀sì èyí tí kò dúró. Ní Ebúté Àgbọn, ọmọ tí kò bá tíì gba orúkọ, bí ẹni pé kò wá ni. Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń mọ̀ pé ó wá.

Sèlíátù ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Ó wo Baseerah lẹ́yìn níbẹ̀, ó wo Alhaji.

"Ọ̀kan," ó ní. "Ọmọ ọmọ mi ni."

Dókítà kọ ọ́. Ìyá Qamardeen, tó fà á láṣọ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, sún síwájú, ó fi ìbọ̀rí bo ẹnu. "Ẹ fi tèmi kún un. Obìnrin ni."

"Ìbejì ni tèmi," ni ẹlòmíràn wí lẹ́yìn. "Ọjọ́ kan náà ni."

"Mo ní ọ̀kan."

"Èmi náà."

Àwọn ọkùnrin kan ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn mọ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Dókítà ń kọ ọ́, ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì yá mọ́.

Alhaji ló yà wọ́n láàárín kọjá wá. Sèlíátù múra de èébú. Ọkùnrin náà dúró ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dàgbà lójú gbogbo wọn ní ìdúró ẹ̀ẹ̀kan yẹn.

"Mélòó lẹ ti kọ?" ó béèrè.

"Mẹ́fà, sà."

"Ó di méje. Ti Ṣìmí." Ṣìmí ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Alhaji sọ fún gbogbo abúlé pé Ṣìmí lọ kí ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Ìpakòdò, pé ìdí nìyẹn tí kò fi yọjú fún oṣù mẹ́rin. "Ilé mi ló bí i sí. Mo wà ní ìta, mo ń gbọ́ ọ."

Ó na ọwọ́ gba bírò, ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Dókítà wo nọ́ńbà yẹn, ó ní abúlé méjì tó kù, ọ̀kan ní ẹyọ kan, èkejì ní méjì. Ó ní kò sẹ́ni tó lè gba agbẹ̀bí yẹn lọ́wọ́ wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Kí ni wọn ì bá dúpẹ́ lé lórí?

Ọkọ̀ gbéra. Ọ̀nà kò dára títí dé títì, dẹ́rẹ́bà sì ń sáré bó ṣe lè ṣe é. Sèlíátù gbé orí Baseerah lé itan, ó ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀ lábẹ́ ahọ́n, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ̀ẹ́ kí òun ti pẹ́ jù. Ó rò pé aboyún náà ti sùn lọ.

"Màámi," ni Baseerah wí. Kò la ojú. "Ṣé wọ́n ka tèmi mọ́ ọn?"

"Òun la fi bẹ̀rẹ̀."

Baseerah la ojú. "Ùsámà ni mo sọ ọ́. Ẹ ò bi mí."

Níwájú níbẹ̀, Dókítà tún yọ fọ́ọ̀mù náà jáde. Kò sí àyè orúkọ níbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń béèrè. Ó yí ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́, ó di í mú dáadáa nítorí kòtò ọ̀nà, ó sì kọ orúkọ náà sí etí ìwé.